Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Pàdé Àlejò Lójú Ọ̀nà? Ìjà Àwọn Ilé-iṣẹ́ Ayélujára ní Ṣáínà, àti Bí Ó Ṣe Kan Àjàṣẹ́

Ẹnikẹ́ni tó bá ti jí ní ìdájí gba ọ̀nà tó lọ sí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, ìlú ọba Toffa tí àwọn Ègùn ń pè ní Hogbonu, tí àwọn Faransé sì ń fi orúkọ Potogí pè ní Porto-Novo, yóò ti rí àwọn alárobọ̀ tí wọ́n ń sáré lọ pàdé àgbẹ̀ kí ẹrù tó sọ̀ lórí rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé ọlọ́jà lọ́nà ni yóò dá iye lé ọjà náà, kì í ṣe ẹni tó ni oko, kì í sì í ṣe ẹni tí yóò sè é jẹ. Iṣẹ́ yìí gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá arìnrìn-àjò gba yàrá ilé ìtura àti ìwé ọkọ̀ òfúrufú lórí ayélujára ń ṣe. Wọn kò ní ibùsùn kan, wọn kò ní ọkọ̀ òfúrufú kan, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni wọ́n dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan tó jókòó ní Paris, tó fẹ́ wá wo ààfin Honmè, mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tí àwọn tó ti Bùràsíìlì bọ̀ fi ọnà wọn kọ́, àti oko Songhaï tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Yóò tẹ fóònù rẹ̀, yóò bọ́ sórí Booking.com, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Amsterdam, tí olówó rẹ̀ sì wà ní Amẹ́ríkà. Bí yàrá tó yàn bá jẹ́ 20,000 CFA, tí owó alárinà sì jẹ́ ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún, bí ó ti sábà máa ń rí, 3,000 CFA ti kúrò ní Àjàṣẹ́ nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, àlejò á sùn, á jí, á sanwó fún onílé ìtura. Lẹ́yìn náà ni ìwé gbèsè yóò wá bá onítọ̀hún, ẹni tó fọ aṣọ ibùsùn, tó ra epo jẹnẹrétọ̀. Bí ó bá sì ní òun kò san, orúkọ rẹ̀ kò ní sí nínú ìwé wọn mọ́, àlejò yóò rò pé kò sí ibi tí a ń sùn ní Àjàṣẹ́, yóò sì lọ sùn sí Kútọnu.

Ní Ṣáínà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1999, ní ìlú Shanghai, àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan, James Liang, Neil Shen, Ji Qi àti Fan Min, dá Ctrip sílẹ̀, ní àsìkò tí kọ̀ǹpútà kò tíì pọ̀ nílé àwọn ènìyàn, tí káàdì ìsanwó ṣọ̀wọ́n, tí kò sì sí ẹni tó fẹ́ kó owó rẹ̀ fún ẹni tí kò fojú rí. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ lọ sí pápákọ̀ òfúrufú àti ibùdókọ̀ ojú irin láti máa fi káàdì tí nọ́ńbà fóònù wà lára rẹ̀ lé arìnrìn-àjò lọ́wọ́. Ẹni tó bá pe nọ́ńbà yẹn, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni yóò dá a lóhùn. Ẹni tó bá sì ra ìwé ọkọ̀ òfúrufú, ìránṣẹ́ lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ó gba owó rẹ̀ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ayélujára tó ń fi ẹnu tajà! Nígbà tó fi máa di 2010, ilé tí wọ́n kọ́ sí ìlú Nantong fún àwọn tó ń dáhùn fóònù yìí gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́.

Expedia ti Amẹ́ríkà wọlé ní 2004. Kò dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ra ìpín nínú eLong, ilé-iṣẹ́ Ṣáínà kan tó ń bá Ctrip du ọjà, kò sì pẹ́ tí ó fi ní ju ìdajì rẹ̀ lọ. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ wà, orúkọ wà. Ṣùgbọ́n àlejò lójú, kò fi ríran. Ìdíje ẹ̀dínwó ń jẹ owó rẹ̀ run, títí ó fi ta ìpín náà ní oṣù Karùn-ún 2015 ní nǹkan bí mílíọ̀nù 671 dọ́là, Ctrip tó ti ń bá a jà sì wà lára àwọn tó rà á. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni Ctrip bá Baidu, tó ni ìpín tó pọ̀ jù nínú Qunar, pààrọ̀ ìpín, tí Qunar, abánidíje rẹ̀ tó gbóná jù, fi bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Priceline, tí à ń pè ní Booking Holdings lónìí, gbọ́n ju Expedia lọ díẹ̀: nígbà tí kò rí àdán, ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, ó kó mílíọ̀nù 500 dọ́là sínú Ctrip fúnra rẹ̀ ní 2014. Airbnb gba orúkọ Ṣáínà, Aibiying, ní 2017. Ní oṣù Keje 2022, ó ti ilẹ̀kùn ilé tó ń yá arìnrìn-àjò nínú Ṣáínà.

Àwọn kan a máa sọ pé ìjọba ló lé àjèjì jáde. Òtítọ́ wà níbẹ̀: TravelSky, tó jẹ́ ti ìjọba, ni ìwé ọkọ̀ òfúrufú abẹ́lé ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, òfin sì dí àjèjì lọ́wọ́ nínú kíkó àwọn ará Ṣáínà lọ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, òfin nìkan kò tó àlàyé, nítorí Expedia wà nínú ọgbà fún ọdún mẹ́wàá. Ohun tí kò ní ni sùúrù láti tajà bí ará ibẹ̀ ṣe ń ra ọjà.

Ní ìhà tiwa, Jovago, tó ń bá ènìyàn gba yàrá ilé ìtura lórí ayélujára, bẹ̀rẹ̀ ní 2013 ní Èkó Akété, Arómisá-lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, pẹ̀lú owó Rocket Internet ti Jámánì lẹ́yìn rẹ̀. Ní 2016 ó di Jumia Travel. Mark Essien, ọmọ Nàìjíríà, dá Hotels.ng sílẹ̀ ní àsìkò kan náà. Ní oṣù Kejìlá 2019, oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí Jumia, tó ni Jumia Travel, wọ ọjà ìpín ní New York, ó gbé iṣẹ́ ìrìn-àjò yìí lé Travelstart ti Cape Town lọ́wọ́. Àrùn Kòrónà kò tíì dé nígbà náà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe dì í rù ú. Kò sí ọmọ ilé tó ṣẹ́gun rẹ̀ bí Ctrip ti ṣẹ́gun Expedia. Iṣẹ́ náà ló sú u, ó sì fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn àjèjì tó lágbára jù ú lọ. Ctrip pàápàá, tó ra Skyscanner ti Edinburgh ní 2016, tó sì di Trip.com Group ní 2019, ti di àlejò ní ẹnu ọ̀nà àwọn ẹlòmíràn.

Ìjọba Benin ní tirẹ̀ ń pe àlejò: ọmọ Áfíríkà kì í gba físà mọ́, àwọn yòókù ń gba tiwọn lórí ayélujára, ohun ọ̀ṣọ́ ọba 26 sì ti Paris padà wálé ní oṣù Kọkànlá 2021. Bí àlejò òkè òkun bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó alárinà yóò máa pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó ti Èkó tàbí Àgbádárìgì gba ẹnubodè Sèmè wá síbi ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó kì í sábà wá Booking. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ tó wà ní Àjàṣẹ́ ni ó ń pè, onítọ̀hún a bá a pe onílé ìtura, a ná owó yàrá fún un, a sì fi MoMo, owó orí fóònù, san àsansílẹ̀. Irú àwọn ènìyàn báyìí, tí wọ́n gba ohùn gbọ́ ju àwòrán lọ, ni Ctrip lọ pàdé ní pápákọ̀ òfúrufú pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Títí di òní, kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan nínú àwọn tí a dárúkọ yìí tó dúró dè wọ́n ní Sèmè.