Kọ̀ǹpútà Inú Àwọsánmà àti Ìṣirò Owó Rẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé wa, bí a ti ń múra sílẹ̀ fún ayẹyẹ ọdún yìí, kò sí ẹni tí ó dábàá pé kí ilé-ìwé ra ẹgbẹ̀rún àga àti ogún kánópì nítorí àlejò ọjọ́ kan ṣoṣo. A mọ ẹni tí ó ń fi wọ́n háyà. A ó sọ iye tí a ń fẹ́, yóò kó wọn wá, a ó lò wọ́n, a ó dá wọn padà, a ó sì san owó ní ìwọ̀n iye àga àti iye ọjọ́. Ẹni tí ó bá lóye ètò yìí ti lóye ìdajì ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé. Ìdajì kejì ni pé bí àwa bá gbàgbé láti dá àga padà, ẹni tí ó ni àga kò ní gbàgbé láti máa ka ọjọ́.

Orúkọ tí àwọn Òyìnbó sọ irú háyà bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni kíláòdù, èyíinì ni àwọsánmà. Orúkọ náà lè ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tí ó wà lójú ọ̀run. Àwọn ilé ńláńlá orí ilẹ̀ ni, tí a to ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà sí lórí pẹpẹ irin, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán tòru, tí a sì fi okùn íntánẹ́ẹ̀tì so mọ́ gbogbo ayé. Ní oṣù kẹta ọdún 2006 ni ilé-iṣẹ́ Amazon bẹ̀rẹ̀ sí fi ibi ìpamọ́ irú èyí háyà fún ará ìta. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà gan-an háyà. Google àti Microsoft tẹ̀lé e. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Microsoft ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2019, Amazon ṣí tirẹ̀ ní Cape Town ní ọdún 2020, ó sì gbé ẹ̀ka kékeré kan kalẹ̀ sí Èkó ní ọdún 2023. Abẹ́ òkun ni ọ̀pọ̀ nínú okùn tí ó so wá mọ́ àwọn ilé náà gbà kọjá. Nígbà tí mélòó kan nínú wọn bàjẹ́ létíkun Côte d'Ivoire ní oṣù kẹta ọdún 2024, íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́hẹ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ oníbàárà kò sì rí iṣẹ́ báńkì wọn ṣe bó ti yẹ.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí yín. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àdírẹ́sì Gmail ti ń lo irú kọ̀ǹpútà yìí. Gígábáìtì 15 ni Google fún un lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́tà rẹ̀, ìwé rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ ni yóò sì jọ pín in. Bí ó bá kún, kí ó pa díẹ̀ rẹ́ tàbí kí ó sanwó.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a fi ń lo iṣẹ́ yìí, ó sì jọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Èkíní dà bí ẹni tí ó lọ jẹun ní búkà: ohun gbogbo ti jinná, bíi Gmail. Èkejì dà bí ẹni tí ó háyà ilé ìdáná pẹ̀lú ìkòkò àti ààrò: òun ni yóò se ọbẹ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní í tún ààrò ṣe. Ẹ̀kẹta dà bí ẹni tí ó háyà yàrá òfìfo: kọ̀ǹpútà lásán ni wọn yóò fún un, òun ni yóò sì tọ́jú gbogbo ohun tí ó bá gbé sínú rẹ̀. Ní ọ̀nà kẹta yìí ni agbára pọ̀ sí jù lọ, ibẹ̀ náà sì ni gbèsè ti máa ń bá aláìmọ̀kan.

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Ẹ ronú ọjọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde, tí ogunlọ́gọ̀ ọmọ ṣí ojú-ewé kan náà láàárín wákàtí kan. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yóò kú lábẹ́ ẹrù náà. Ẹni tí ó ń lo kíláòdù lè háyà ogún ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí ó sì dá mọ́kàndínlógún padà ní alẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka owó? Bí mítà iná ni. Wọ́n ń ka wákàtí tí kọ̀ǹpútà wà ní títàn, yálà o ń fi ṣiṣẹ́ tàbí o kò fi ṣe nǹkan kan. Wọ́n ń ka ìwọ̀n ohun tí o tọ́jú àti iye ìgbà tí ó fi wà níbẹ̀. Wọ́n ń ka ohun tí ó bá jáde láti ọ̀dọ̀ wọn lọ sí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni èyí tí ó bá wọlé sábà máa ń jẹ́. Àdírẹ́sì tí ayé fi ń rí kọ̀ǹpútà rẹ pàápàá lè ní owó tirẹ̀: láti oṣù kejì ọdún 2024, Amazon ń gba 0.005 dọ́là ní wákàtí kan lórí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan tí ó jẹ́ ti irú àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Ká ní kọ̀ǹpútà kan jẹ́ sẹ́ǹtì 10 ní wákàtí kan. Bí o bá lò ó fún wákàtí méjì lójoojúmọ́ fún ogún ọjọ́, wákàtí 40 ni, owó rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 4. Bí o bá fi í sílẹ̀ ní títàn fún ọgbọ̀n ọjọ́, wákàtí 720 ni, owó rẹ̀ sì di dọ́là 72. Iṣẹ́ kan náà ni o ṣe. Ìgbàgbé nìkan ni dọ́là 68 tí ó kù.

Dọ́là 72 yìí kì í ṣe àpẹẹrẹ lásán lójú mi. Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ yìí, mo háyà kọ̀ǹpútà kan fún ìdánrawò, mo sì parí iṣẹ́ mi ní ọjọ́ kan náà. Mo pa kọ̀ǹpútà alágbèéká mi dé, mo rò pé ti òkèèrè ti kú pẹ̀lú rẹ̀. Káàdì báńkì ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi forúkọ sílẹ̀, owó tí ó ń tù jọ láti fi san owó ilé sì ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ìparí oṣù, wọ́n yọ owó náà. Ilé-iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀ mí; gbogbo rẹ̀ wà nínú àdéhùn tí n kò kà. Ẹ̀gbọ́n mi kò bú mi, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ni mo fi san án padà, mo sì rí i bí ó ti ń bẹ onílé.

Nítorí náà, ẹ fi ìmọ̀ràn wọ̀nyí sọ́kàn.

Èkíní, kọ iye tí o fẹ́ ná sílẹ̀ kí o tó tan ohunkóhun. Dọ́là ni wọ́n sábà máa ń kà, náírà kì í sì í dúró lójú kan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní báńkì kọjá 600 kí oṣù náà tó parí.

Èkejì, ṣètò ìkìlọ̀ ìnáwó, kí wọ́n lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọ bí owó bá ti dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n mọ̀ dájú pé agogo ni ìkìlọ̀ náà, kì í ṣe àgádágodo. Yóò dún, kò ní pa ẹ̀rọ fún ọ àfi bí ìwọ fúnra rẹ bá ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, pípa yàtọ̀ sí pípa rẹ́. Bí o bá pa kọ̀ǹpútà, owó wákàtí rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n owó ibi ìpamọ́ tí ó so mọ́ ọn ń lọ. Ohun tí o kò bá nílò mọ́, pa á rẹ́ pátápátá.

Ẹ̀kẹrin, má ṣe kọ kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ sínú iṣẹ́ tí o fẹ́ fi han aráyé. Àwọn olè ń fi ẹ̀rọ wá a kiri, wọn a sì fi háyà ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lórúkọ ẹni láti fi wá owó irú Bitcoin. Ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ ni ìwé gbèsè yóò wá bá.

Ẹ̀karùn-ún, má ṣe lo káàdì òbí tàbí ti ẹ̀gbọ́n láìjẹ́ pé o ti ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún wọn. Ètò ọ̀fẹ́ wà fún akẹ́kọ̀ọ́. GitHub ní ọ̀kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama tí ó ti pé ọdún 13 lè béèrè fún. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kọ̀ǹpútà yín tọ́ yín sọ́nà.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni: kò sí ilé-iṣẹ́ tí yóò ṣọ́ àpò rẹ bí ìwọ fúnra rẹ. Àwa tí a kọ́ ní ilé-ìwé Kristẹni kò ṣe àjèjì sí ẹ̀kọ́ yìí. Nínú Ìhìnrere Lúùkù orí 14, Olúwa wa sọ ti ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo àpò ara rẹ̀ wò kí ó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Kò ní kí ọkùnrin náà má kọ́lé. Èmi náà kò ní kí ẹ bẹ̀rù kíláòdù: ẹ kọ́ ọ, ẹ lò ó, ẹ fi ṣe iṣẹ́ tí yóò ran ìlú yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ ayẹyẹ, nígbà tí àlejò bá ti lọ tán, kí ẹnìkan nínú yín dúró kí ó ka àga, kí ó sì rí i pé gbogbo rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ni ín.