Kànga Epo Tó Darúgbó Kò Tíì Gbẹ

Ẹni tó bá ti gbẹ́ bóhòlù sí ilé rẹ̀ ní Mòwé, Ìbàfò tàbí Ifọ̀ yóò ti rí bí àwọn agbẹ́kànga ti ń fọ̀ ọ́. Wọ́n a ki ọ̀pá bọ inú ihò náà, wọ́n a fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sí i, omi àti ẹrẹ̀ a sì tú jáde lókè. Ẹnikẹ́ni kò fà á; atẹ́gùn ló gbé e. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni a fi ń mú kí epo rọ̀bì máa jáde láti inú kànga tó ti darúgbó lábẹ́ òkun. Gas lift ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é.

Nígbà tí kànga epo bá ṣì jẹ́ tuntun, ipá tó wà nínú àpáta nísàlẹ̀ ilẹ̀ a máa ti epo sókè. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ipá náà a dín kù, omi a sì máa dà pọ̀ mọ́ epo. Omi wúwo ju epo lọ. Nígbà tó bá yá, ẹrù inú páìpù a borí agbára tí ń tì í, kànga a sì dákẹ́. Epo kò tán. Agbára ló tán.

Nígbà náà ni a ó fún gáàsì pọ̀, tí a ó rán an lọ sísàlẹ̀ gba àlàfo tó wà láàrin páìpù òde àti páìpù inú. Àwọn fálìfù kéékèèké a gbà á wọlé sínú epo. Epo a fúyẹ́, ipá díẹ̀ tó kù a sì tó láti gbé e. Lókè, a ó ya gáàsì sọ́tọ̀, a ó sì tún lò ó. Kò sí ẹ̀rọ tí ń yí nínú kànga. Ìdí nìyí tó fi wúlò lójú òkun, níbi tí títún kànga kan ṣe ti ń gba owó gọbọi. Ní Bonga, tó jìnnà tó 120 kìlómítà sí etíkun wa, tí epo ti ń jáde láti ọdún 2005, gáàsì ń ran epo lọ́wọ́ láti ìsàlẹ̀ omi tó jìn ju 1,000 mítà lọ.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí kì í dá epo. Bí gáàsì bá pọ̀ jù, òun fúnra rẹ̀ a dí epo lọ́nà. Bí omi bá sì gba kànga, tí owó epo kò tó ìnáwó mọ́, títì ló kù. Lójú òkun Sèmè, nítòsí ibodè tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọdún 1982. Ní 1998, ọdún tí owó epo já wálẹ̀ gidigidi ní ọjà àgbáyé, wọ́n dáwọ́ dúró.

Ohun tó yẹ kó dùn wá ni pé gáàsì tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí ni a ń sun dànù. Òfin ọdún 1979 ní kí sísun gáàsì láìgbàṣẹ dópin ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984. Iná náà kò tíì kú. Ogún àwọn ọmọ wa ni; ìríjú olóòótọ́ kì í fi ogún ọmọ dáná.