Bí A Ṣe Ń Mọ Àwọn Kòkòrò Funfun Ara Ẹ̀gẹ́ Yàtọ̀ Sí Ara Wọn

Nínú ìtàn ọgbà Édẹ́nì, kété lẹ́yìn tí a fi ríro ilẹ̀ lé Ádámù lọ́wọ́, ohun tí a ní kí ó ṣe ni pé kí ó sọ olúkúlùkù ẹ̀dá ní orúkọ. Ó lè dà bí iṣẹ́ kékeré lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ orúkọ àrùn a máa fi oògùn ẹ̀fọ́rí wo inú rírun. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá yìí jẹ́ nípa kòkòrò kan tí kò tó ọkà bàbà, àti nípa ohun tí ṣíṣì í mọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà lọ́wọ́ ilẹ̀ Áfíríkà.

Kò sí ilé kan ní ilẹ̀ Okun, láti Kábà dé Ìyàrà, Mọ́pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, tí kò mọ ẹ̀gẹ́. Iṣu ni a fi ń yangàn, ṣùgbọ́n nígbà tí àká bá ṣófo, gàrí àti láfún ni àwọn ọmọ ń jẹ sùn. Síbẹ̀ àlejò ni ẹ̀gẹ́ láàrin wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ìlú rẹ̀, àwọn Potogí ni ó sì gbé e kọjá òkun wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni kò bá a wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ọ̀kan nínú wọn dé sí ilẹ̀ Kóńgò. Nígbà tí ó di ọdún 1979, ó ti wọ Nàìjíríà àti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Níbi tí ó bá gbé le, ó lè gba ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún èso oko. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń burú jù.

Irú kòkòrò wo ni èyí? Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a ó pè ní oníìpẹ́, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn lẹ̀ mọ́ ara igi bí ìpẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ara ẹja. Abo wọn kò ní ìyẹ́. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín bí irun orí; a kì í bọ inú igi, a sì máa fà omi ara rẹ̀ mu. Akọ, níbi tí a bá gbé rí i, ní ìyẹ́ méjì, ṣùgbọ́n kò ní ẹnu tí yóò fi jẹun, ọjọ́ ayé rẹ̀ kò sì pọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ wọn, abo tí ó ti dàgbà ni kí ó wò.

Ẹbí ńlá mẹ́ta ni a ó kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Ẹbí kìn-ín-ní ni àwọn oníyẹ̀fun. Ìda funfun bò wọ́n bí ẹni pé wọ́n yí nínú ẹlùbọ́. Oríkèé ara wọn hàn, wọ́n ní ẹsẹ̀, wọ́n sì lè rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹbí kejì ni àwọn alásà. Wọ́n fi ìda àti awọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ ṣe asà bo ara wọn. Bí a bá fi orí abẹ́rẹ́ gbé asà náà, yóò ṣí bí ìdérí ìkòkò, a ó sì rí abo lábẹ́ rẹ̀ láìní ẹsẹ̀. Ẹbí kẹta ni àwọn tí awọ ara wọn fúnra rẹ̀ le tí ó sì yọ bí òkè. Kò sí asà tí a lè ṣí lára wọn, ṣùgbọ́n pátákó kékeré méjì onígun mẹ́ta wà ní ìdí wọn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wọ inú oko ẹ̀gẹ́ lọ. Ohun funfun mẹ́ta ni a lè bá níbẹ̀, àgbẹ̀ púpọ̀ sì ń fi orúkọ kan náà pè wọ́n. Bí ó bá jẹ́ ara igi ni ohun funfun náà lẹ̀ mọ́, tí ó gùn bí ìkarahun kékeré tí kò sì ń rìn, alásà ni. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Aonidomytilus albus. Bí ó bá ń rìn, tí ó ní ìrù gígùn méjì, tí ilà dúdú méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀, oníyẹ̀fun tí à ń pè ní Ferrisia virgata ni. Ṣùgbọ́n bí a bá rí i ní ṣóńṣó orí ẹ̀gẹ́, tí ara rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ yẹ̀fun, tí kò ní ìrù gígùn, tí ewé tuntun sì ká jọ bí ìkúùkù ọmọdé, èyí ni Phenacoccus manihoti, àlejò búburú náà.

Ojú lásán lè ṣìnà, nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń lo awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Wọn a se abo náà nínú omi oògùn líle títí inú rẹ̀ yóò fi mọ́, wọn a pa á láró, wọn a sì tẹ́ ẹ sórí dígí. Bí ó bá jẹ́ ìdílé Phenacoccus, ìwo rẹ̀ a máa ní oríkèé mẹ́sàn-án, eyín kékeré kan a máa wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ìdì ẹ̀gún kéékèèké méjìdínlógún a sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti méjìdínlógún sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Bí ó bá jẹ́ Ferrisia, oríkèé ìwo jẹ́ mẹ́jọ, èékánná kò ní eyín, ìdì ẹ̀gún sì kù sí ìdí nìkan, ọ̀kan ní apá kọ̀ọ̀kan.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, èrè kí ni ó wà nínú kíka oríkèé ìwo kòkòrò? Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní ọdún 1977, Danièle Matile-Ferrero ní Paris ṣe àpèjúwe kòkòrò tí a rí ní Kóńgò, ó sì sọ ọ́ ní manihoti. Gbogbo onímọ̀ gbà pé Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni yóò ti wá, níbẹ̀ náà sì ni àwọn ọ̀tá tí Ẹlẹ́dàá fi ń kó o níjàánu yóò wà. Apá àríwá ilẹ̀ náà ni àwọn olùwákiri kọ́kọ́ dé. Wọ́n rí kòkòrò oníyẹ̀fun lórí ẹ̀gẹ́, pẹ̀lú gbogbo àmì ìdílé Phenacoccus, inú wọn sì dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀tá tí wọ́n kó láti ara rẹ̀ kò bí sí ara ti Áfíríkà.

Kí ni ó fà á? Ti ọ̀hún ní akọ àti abo, ṣùgbọ́n abo nìkan ni tiwa, ó sì ń bímọ láìsí akọ. Nígbà tí Jennifer Cox àti D. J. Williams ní Lọ́ńdọ̀nù fi awò yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n rí i pé iye àwọn ihò kéékèèké tí ìda ń gbà jáde lára wọn kò dọ́gba. Ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹnì kan náà. Ní ọdún 1981 ni a fún ti ọ̀hún ní orúkọ tirẹ̀, herreni, láti inú orúkọ Hans Herren tí ó ń darí iṣẹ́ náà ní ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn.

Ní ọdún kan náà ni Anthony Bellotti rí manihoti gan-an ní ilẹ̀ Paraguay, ní ìhà gúúsù. Láti ibẹ̀ ni a ti mú agbọ́n kékeré kan, Anagyrus lopezi, tí kò gùn tó mìlímítà méjì. A kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó má baà gbé ibi mìíràn wọlé, a sì tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kọkànlá ọdún 1981. Agbọ́n yìí a máa yé ẹyin sínú kòkòrò náà. Ọmọ rẹ̀ a jẹ ẹ́ láti inú, ara kòkòrò a wú, a pọ́n bí igi gbígbẹ, agbọ́n tuntun a sì lu ihò jáde. Ó tàn dé orílẹ̀-èdè tí ó lé ní ogún ní Áfíríkà, ó sì mú ọ̀tá náà rọlẹ̀. Ní ọdún 1995 a fi Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé dá Herren lọ́lá. Nígbà tí kòkòrò yìí yọ ní ilẹ̀ Thailand ní ọdún 2008, kò sí wíwákiri gígùn mọ́. A ti mọ orúkọ rẹ̀, agbọ́n láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni a sì fi ránṣẹ́ síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kí ni èyí fún àwa tí ń roko? Èkíní, kí a tó gbin igi ẹ̀gẹ́, tàbí kí a tó fi ta àna wa lọ́rẹ, kí a wo ojú rẹ̀ dáadáa, nítorí inú igi gbíngbìn ni àlejò yìí ń gùn rìnrìn àjò. Èkejì, kí a má ṣe yára da oògùn olóró sí oko. Ìda a máa dáàbò bo kòkòrò, ṣùgbọ́n kò sí ìda lára agbọ́n tí ń bá wa ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta, bí a bá rí kòkòrò tí ó wú tí ó sì pọ́n, kí a fi í sílẹ̀. Ilé ọmọ agbọ́n ni. Ẹ̀kẹrin, bí ohun tí a rí bá ṣe àjèjì, kí a kó díẹ̀ sínú ìgò ọtí líle, kí a mú un lọ fún àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀.

Sólómọ́nì rán ọ̀lẹ lọ sọ́dọ̀ èèrà. Bí a bá tẹ̀lé èèrà náà gun orí ẹ̀gẹ́, a ó rí i tí ó ń lá omi dídùn ní ìdí kòkòrò oníyẹ̀fun. Kí a má ṣe padà kíákíá. Kí a tẹjú mọ́ ohun tí ó wà níbẹ̀, kí a sì bi í ní orúkọ rẹ̀ kí a tó gbé ọwọ́ lé e.