Ọdún Ìyanu: Bí Orúkọ Ìbẹ̀rù Ṣe Di Orúkọ Ògo

Lédè Látìn, annus ni ọdún, mirabilis sì ni ohun tó ń yani lẹ́nu. Pa méjèèjì pọ̀, annus mirabilis, ó di ọdún ìyanu. Lónìí, ọdún tí wọ́n bá fi orúkọ yìí pè ti gbayì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì kọ́kọ́ gba ìgboro London, ìkìlọ̀ ni wọ́n jẹ́, wọn kì í ṣe ìyìn.

Ní 1660, Ọba Charles Kejì ti ilẹ̀ England gorí ìtẹ́ bàbá rẹ̀ tí wọ́n bẹ́ lórí ní 1649. Kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Láti 1661, àwọn alátakò rẹ̀ ń tẹ ìwé kan jáde ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n pè é ní Mirabilis Annus. Àmì àràmàǹdà ni wọ́n kó sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ní ó yọ lójú sánmà àti èyí tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀, láti fi hàn pé Ọlọ́run ń bínú sí ìjọba náà. Ẹ̀rù 1666 tún ń ba ọ̀pọ̀ Kristẹni, nítorí 666 ni nọ́ńbà ẹranko inú Ìwé Ìfihàn.

Láburú sì dé lóòótọ́. Àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ ní 1665. Wọ́n ṣírò àwọn tó kú ní London sí nǹkan bí 100,000. Ogun ojú omi pẹ̀lú àwọn ará Netherlands ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án 1666, iná sọ ní ilé oníbúrẹ́dì kan ní Pudding Lane. Ó jó fún bí ọjọ́ mẹ́rin, ó run ilé bí 13,200, ṣọ́ọ̀ṣì 87 àti kàtídírà St Paul's.

Akéwì John Dryden ti sá fún àrùn náà lọ sí Wiltshire. Ibẹ̀ ló ti kọ ewì gígùn tó jáde ní 1667, ó sì sọ ọ́ ní Annus Mirabilis. Ó gba orúkọ náà lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá ọba, ó yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Lójú tirẹ̀, ìyanu ni pé ọmọ ogun ojú omi kò túká, pé iná kú kó tó jó ìlú tán, àti pé London yóò dìde lẹ́wà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ní 1668, ọba fi Dryden joyè akéwì ọba.

Àrùn yẹn kan náà ló ti Yunifásítì Cambridge pa. Isaac Newton, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 25, padà sílé ní Woolsthorpe. Níbẹ̀ ló ti ń ṣe ìwádìí ìmọ́lẹ̀, tó ń gbé ìpìlẹ̀ ìṣirò tuntun, tó sì ń ronú lórí agbára tó ń fa nǹkan wá sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo rẹ̀ nígbà náà. Àwọn tó wá lẹ́yìn ni wọ́n wẹ̀yìn wò, tí wọ́n fún àkókò náà lórúkọ tí Dryden lò. Wọ́n tún fún 1905 ní orúkọ yìí, ọdún tí Albert Einstein, akọ̀wé ẹni ọdún 26 ní ọ́fíìsì ìforúkọ-iṣẹ́-ọpọlọ-sílẹ̀ ní Bern, tẹ àpilẹ̀kọ mẹ́rin tó yí ìmọ̀ físíìsì padà.

Ní oṣù kọkànlá 1992, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì dojú orúkọ náà délẹ̀. Ìgbéyàwó àwọn ọmọ rẹ̀ ń dàrú, iná sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ààfin Windsor. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó pe ọdún náà ní annus horribilis, ọdún láabi. Guildhall ló ti sọ̀rọ̀, gbọ̀ngàn tí iná 1666 jó òrùlé rẹ̀ tí ògiri rẹ̀ kò wó.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1997, wọ́n ti parí àtúnṣe Windsor. Ní òru àìsùn ọdún tuntun, àwa náà a máa gbàdúrà pé kí ọdún tó wọlé jẹ́ ọdún ìyanu. Bí eérú bá wá wà nínú rẹ̀, ká má tètè fún un lórúkọ. Ká kọ́kọ́ wò ó, bóyá ògiri ṣì dúró.