Ẹnu Ọ̀nà Ilé Mẹ́ẹ̀rì ní Ṣábẹ̀ẹ́

Kọmúùnù ni wọ́n ń pe ìjọba ìbílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ilé mẹ́ẹ̀rì sì ni ibùjókòó rẹ̀. Ètò yìí kò tíì lọ́jọ́ lórí púpọ̀: àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè ti oṣù Kejì ọdún 1990 ló là á sílẹ̀ pé kí agbára má ṣe wà ní Kútọnu nìkan, òfin tó fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1999, ìbò àkọ́kọ́ sì wáyé láàárín òpin ọdún 2002 àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003. Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú àwọn òkè olókùúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tó ti Kútọnu lọ sí Paraku, jẹ́ ọ̀kan nínú kọmúùnù 77 tí ètò náà bí. Ohun tó kù láti bèèrè ni bóyá gbogbo ará ìlú ló lè gba ẹnu ọ̀nà ilé mẹ́ẹ̀rì rẹ̀ wọlé.

Kí ilé mẹ́ẹ̀rì tó dé ni ààfin Oníṣábẹ̀ẹ́, ọba ìlú náà, ti wà. Òótọ́ ni pé ààfin pẹ̀lú ní àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kì í tètè dé etí ọba, ṣùgbọ́n èdè tí ìlú ń sọ ni wọ́n fi ń rojọ́ níbẹ̀. Ní ilé mẹ́ẹ̀rì, èdè Faransé tí í ṣe èdè ìjọba ni wọ́n fi ń kọ ìwé. Òfin sọ pé ní gbangba ni ìgbìmọ̀ kọmúùnù yóò ti jókòó, kí ẹni tó bá fẹ́ lè wọlé gbọ́. Bí ohun tí wọ́n ń sọ kò bá sì yé àgbẹ̀ tó wá gbọ́, kò yàtọ̀ sí pé wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Akéde tó ń lu agogo káàkiri àdúgbò ń tún nǹkan ṣe díẹ̀, àmọ́ ìró agogo kì í dé gáà Fúlàní tó jìnnà sí títì, adití kò sì lè gbọ́ ọ.

Ìráyè, ìyẹn ni pé kí akanda, ẹni tí ẹ̀yà ara kan kò ṣiṣẹ́ fún dáadáa, lè dé ibi tí gbogbo ènìyàn ń dé láìjẹ́ pé wọ́n gbé e, ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. Bẹ̀nẹ̀ fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akanda ní ọdún 2012, Òfin 2017-06 ti ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 sì sọ ọ́ di òfin ilé. Ẹni tó fi ọwọ́ wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá gba ìwé ìbí ọmọ rẹ̀ mọ ohun tí òfin náà ń sọ kí ẹnikẹ́ni tó kà á fún un: níbikíbi tí àtẹ̀gùn mẹ́ta péré bá wà, yóò dúró sínú oòrùn, yóò máa bẹ ọ̀dọ́ tó ń kọjá kí ó bá òun pe akọ̀wé jáde, yóò sì sọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ níta gbangba létí gbogbo ayé. Símẹ́ǹtì àti iyanrìn ìwọ̀nba ló máa sọ àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gùn.

Ní ti àwọn obìnrin, ọ̀nà wọn ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Òfin ìbò ọdún 2019 ya àga 24 sọ́tọ̀ fún wọn nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ọ̀kan ní ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò ya irú rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìgbìmọ̀ kọmúùnù, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ omi àti ọjà, ohun tó jẹ́ pé àwọn ìyá ló kọ́kọ́ ń kàn.

Òfin ti ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2021 tún pín iṣẹ́ ìṣàkóso kọmúùnù: mẹ́ẹ̀rì ń ṣe alága ìgbìmọ̀, akọ̀wé àgbà tí kì í ṣe olóṣèlú sì ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Nítorí náà, ará Kaboua tàbí Bessé, tí wọ́n wà lábẹ́ kọmúùnù Ṣábẹ̀ẹ́, tó bá fẹ́ kí ògbufọ̀ wà ní ìjókòó, tàbí kí wọ́n ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ọ̀nà, ní ibi méjì láti kàn sí: ìgbìmọ̀, nígbà tó bá ń ṣètò ìnáwó ọdún, àti akọ̀wé àgbà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí owó náà.