Kí Ni Wọ́n Jẹ Nínú It's?

Ẹni tó bá ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá á ti rí i láìmọye ìgbà: n'Ijẹbu-Igbo, l'Ago-Iwoye, l'Abigi. Kò sẹ́ni tí í béèrè ohun tí àmì kékeré ẹ̀yìn n àti l yẹn ń wá níbẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé "ní" ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnu ti jẹ ìró kan níbi tá a ti ń sáré sọ̀rọ̀, òǹkọ̀wé sì fi àmì sójú ibi tí wọ́n ti jẹ ẹ́. Ìpajẹ ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì. Nínú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ó pọ̀ ju báyìí lọ, n'ile, l'oko, s'ọkan, kó tó di pé àkọtọ́ òde òní ní ká máa kọ wọ́n pọ̀. Orúkọ ìlú ló kù tó ṣì ń rù ú kiri.

Iṣẹ́ yìí kan náà ló ń ṣe nínú it's. It is ni odindi ọ̀rọ̀; wọ́n jẹ i tó wà nínú is, àmì sì dúró síbẹ̀. You are di you're, they are di they're, who is di who's. Ṣùgbọ́n its, your, their àti whose ò jẹ nǹkan kan. Ẹni tó ni nǹkan ni wọ́n ń tọ́ka sí, bíi "rẹ" àti "wọn" tiwa.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ láwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, nítòsí yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1982 gẹ́gẹ́ bí Ogun State University, tí wọ́n wá fi sọrí Olabisi Onabanjo lọ́dún 2001. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ pé: The council has lost it's revenue. Ẹ dá ohun tí wọ́n jẹ padà: the council has lost it is revenue. Ó ti dàrú. Its ló yẹ, láìsí àmì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Your welcome tí wọ́n ń kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn: are wà nínú ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, àwọn tó kọ ọ́ ni ò fàmì rẹ̀ hàn. Kọ̀ǹpútà tó ń yẹ sípẹ́lì wò lè má fa ìlà pupa kankan sábẹ́ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ gidi làwọn méjèèjì.

Etí náà ò ní gbà wá. "Ilé rẹ" àti "ilé rẹ̀" yàtọ̀ létí, bẹ́ẹ̀ ìbéjì ni wọ́n lójú ẹni tí kì í fàmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ti its àti it's, ọ̀kan náà ni wọ́n lẹ́nu ọmọ Lọ́ńdọ̀nù àti lẹ́nu ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Ojú nìkan ló lè yà wọ́n.

Ohun tó ń ṣi àwọn ọmọ wa lọ́nà ò ṣàì ní ìdí. Wọ́n ti kọ́ wọn pé the Orimolusi's palace (ààfin ọba Ìjẹ̀bú-Igbó) ni wọ́n ń kọ, pẹ̀lú àmì, wọ́n wá rò pé its náà gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀. Láyé àtijọ́, -es ni wọ́n ń fi sẹ́yìn ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá ni nǹkan. E kúrò lẹ́nu, àmì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá lọ́wọ́ àwọn Faransé wá gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n arọ́pò-orúkọ ni its, bíi his, kò sì sẹ́ni tó ń kọ hi's.

Àlejò tiẹ̀ ni its nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí nínú Bíbélì tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1611 rárá. His ni wọ́n sábà ń lò fún nǹkan aláìlẹ́mìí, bí "rẹ̀" tiwa ò ṣe ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ilé. Nígbà tó dé, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fi àmì sí i. Òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà tọdún 1787 ní it's níbi tó yẹ kí its wà, ó ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹni tó ń mákì ìwé WAEC ò ní gba àwáwí yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ṣá.

Èyí tó ṣòro jù ló kù. It's been raining at Iwopin since morning. Ẹ dán is wò, kò bá a mu. Has ni wọ́n jẹ níbí. Who's gone? Has náà ni. Who's there? Is ni. Àmì kan náà ni, ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀ lé e ló ń sọ èyí tí wọ́n jẹ.