Icecast ti kú, kọ̀ǹpútà ní ó ṣì wà: bí wọ́n ṣe ń ka sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ láì ṣì í kà

Ká ní iléeṣẹ́ rédíò kan ń lo sọ́fítíwíà Icecast lórí kọ̀ǹpútà Linux láti fi gbé ètò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lóru, Icecast kú. Àwọn olùgbọ́ ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àmọ́ àṣẹ tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà pé kó máa ṣọ́ ọ ò ké sí ẹnikẹ́ni. Ó ní kò sí wàhálà. Kí ló fà á? Ó ṣì í kà ni.

Gbogbo sọ́fítíwíà tó bá ń ṣiṣẹ́ ni kọ̀ǹpútà máa ń fún ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní PID. Ẹni tó bá ṣí Terminal, tó tẹ ps aux, á rí gbogbo wọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà yẹn máa ń pọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo grep láti ṣa èyí tí wọ́n ń wá, tí wc -l á sì kà á:

ps aux | grep icecast | wc -l

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti dojú rú. grep fúnra rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ lásìkò yẹn, "icecast" sì wà nínú àṣẹ tí wọ́n fi pè é. Ó lè ka ara rẹ̀ mọ́ ọn. Bí Icecast bá ti kú pátápátá, 1 ló lè jáde dípò 0. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ní kó lọ ka èrò inú ilé, tó ka ara rẹ̀ mọ́ wọn: bí ilé tiẹ̀ ṣófo, á ní èèyàn kan wà níbẹ̀.

Èyí ló dáa jù:

pgrep -c icecast

pgrep kì í ka ara rẹ̀. Lórí Mac, pgrep icecast | wc -l ni wọ́n á tẹ̀. Ẹni tó ń lo Windows, tó fẹ́ ka Chrome, á tẹ èyí sínú Command Prompt:

tasklist | find /c "chrome.exe"

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáyà bí iye Chrome bá pọ̀ o. Ojú ìwé kan ṣoṣo lè ní ju ẹyọ kan lọ, torí Chrome máa ń pín iṣẹ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́.

Nọ́ńbà náà ò sì sọ tán. Ohun tí 1 ń sọ ni pé Icecast wà láàyè, kò sọ pé ohùn ń jáde. Ẹni tó ń bójú tó o ṣì gbọ́dọ̀ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.